Ewé Tí Ògúnṣínà Fi Dí Ọ̀nà Adágún Méjì

"Lámídì, tú ẹ̀wù mi sílẹ̀! Mo ní o tú u sílẹ̀! Mo gbé kẹ̀kẹ́ rẹ lọ, mo gbé e padà. Kí ló tún kù tí o ń fún mi lọ́rùn bí ẹni tó mú olè àgbàdo?"

Lámídì tó ń fi kẹ̀kẹ́ háyà ò tú mi sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ́níran, ẹ wo rímù ẹ̀yìn, ó ti ká kò bí ewé gbígbẹ. Ẹ wo ìjókòó, ojú eyín wà lára ẹ̀! Owó háyà pẹ̀lú owó àtúnṣe, mo ti dá iye fún yín. Ẹ san án."

Mo ní, "Iye tí o dá yẹn, etí kan ni mo fi gbọ́ ọ, nítorí náà ìdajì ni mo gbọ́."

Àwọn èèyàn ti pé lé wa lórí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyàwó mi Àríyìíké wà láàárín wọn, ó káwọ́ lérí. Mo rí i pé bí n kò bá sọ̀rọ̀, Lámídì á gba ẹ̀wù mi dógò. Ni mo bá kọjú sí èrò, mo ní:

"Ẹ̀yin ará Òkè-Ìgbálẹ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sóko, oko ò ní sá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ru omi, ẹ sọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn ju ohun tí ọrùn lè gbà lọ. Èmi Ọdẹ́níran ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ Ọdẹ́gbẹ̀san, ọmọ a-pa-ẹfọ̀n-má-kígbe, ọmọ a-bá-ìkookò-jìjà-du-ihò. Bàbá mi wọ igbó tí igbó fi yà fún un bí obìnrin ṣe ń yà fún àna rẹ̀. Bàbá bàbá mi, àmọ̀tẹ́kùn gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ó ju ẹran tó pa sílẹ̀ fún un. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lèmi, ẹ wá wo ẹni tó dì mí lẹ́wù mú!

"Ẹ̀yin náà mọ bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Látìgbà tí àwọn ará ìlú ńlá ti ń gbé kẹ̀kẹ́ onítáyà gbàǹgbà wá síbí, tí wọ́n ń fi í gun òkè wa, tí wọ́n ń fi í la igbó wa kọjá, tí wọ́n ń fi í yí adágún wa po bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọ nù sínú omi, ta ni wọ́n ń pè kó ṣíwájú wọn? Ògúnṣínà! Ta ni wọ́n ra bàtà fún? Ògúnṣínà! Ọmọ tí mo kọ́ ní ìgbẹ́ dídẹ, tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ òórùn ẹtu nínú afẹ́fẹ́! Mo gbé e mì. Àfi lọ́jọ́ tí Àríyìíké tí mo fi itan ìgalà fẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ní, 'Ẹ ò rí ẹsẹ̀ Ògúnṣínà lórí kẹ̀kẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹtu!'"

Àríyìíké ké lẹ́yìn, "Èmi ò mà sọ bẹ́ẹ̀ o!"

"O sọ ọ́. Dákẹ́, ọkọ rẹ ń rojọ́. Ẹ̀yin ará, inú mi hó bí epo lórí iná. Ẹsẹ̀ tèmi náà wà níbẹ̀ o, àbí igi ìdáná ni mo fi ń rìn? Mo ní bí mo bá rí ọ̀nà kan tó dùn ju ọ̀nà Ògúnṣínà lọ, èmi làwọn àlejò á máa pè, bàtà á sì yí padà wá sẹ́sẹ̀ mi. Ìdí tí mo ṣe lọ háyà kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ Lámídì nìyẹn.

"Mo gbéra ní òwúrọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Mo gun Òkè Àgbọ̀ntí, àyà mi ń lù bí odó ìyàwó tuntun, mo wa kẹ̀kẹ́ gba abẹ́ ìrókò, mo gba abẹ́ àràbà, mo fò lórí gbòǹgbò, mo tẹrí ba lábẹ́ ìtàkùn, títí mo fi dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ewé tútù wà lójú ọ̀nà ọwọ́ òsì. Ọmọ ọdẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ kó gbọ́: ẹni tó bá ṣíwájú nínú igbó á já ewé tútù, á fi dí ọ̀nà tí kò dáa, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má gbà á. Bí ọdẹ méjì ò tiẹ̀ kí ara wọn, wọn kì í fi ewé purọ́ fún ara wọn.

"Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé ta ló já ewé yìí. Ògúnṣínà ni. Kí ló ń fi pamọ́? Ẹni tó rí oyin ló ń fi ewé bo ojú ihò igi! Mo fi táyà tẹ ewé náà mọ́lẹ̀, mo yà sí òsì.

"Háà! Ọ̀nà náà dùn! Ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, n kò wa kẹ̀kẹ́ mọ́, kẹ̀kẹ́ ló ń gbé mi lọ. Mo fa bíréèkì, bíréèkì ní òun ò sí nílé. Ibi tó já mi sí, àárín adágún méjì ni, ọ̀kan dúdú bí aró, ọ̀kan funfun bí ògì, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wọ́n láàárín, ó ń dán bí àwo. Orí ilẹ̀ yìí làwọn iwin ti ń yá oòrùn. Mo rí Etí-bí-Ẹní, tó tẹ́ etí kan sílẹ̀ tó fi èkejì bora. Mo rí Abẹnu-níkùn, tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀wù. Mo rí Orúnkún-ṣíwájú, tí orúnkún rẹ̀ máa ń dé ibi àlọ kí òun fúnra rẹ̀ tó gbéra nílé. Mo rí àwọn wẹ́wẹ́ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, eyín nìkan ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kan ló ń jọba lé wọn lórí. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ Bàǹtẹ́-Òkúta, òun ló ni adágún dúdú. Àbúrò ń jẹ́ Irùngbọ̀n-Omi, òun ló ni funfun.

"Bàǹtẹ́-Òkúta dìde, ilẹ̀ mì. Ó ní, 'Ìwọ ẹlẹ́ran tútù, ẹran wo lò ń gùn yìí, ẹlẹ́sẹ̀ roboto tí kò ní imú?'

"Mo ní, 'Ẹran tí kì í jẹ, kì í mu, kì í ṣu ni. Ìwọ tí o wọ òkúta ní bàǹtẹ́, télọ̀ ló rán an fún ẹ ni àbí afọ́kùúta?'

"Ó ní, 'Tà á fún mi. Ẹ̀mí rẹ ni mo fi rà á.'

"Mo ní, 'Ẹ̀mí mi ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó dé. Ṣé èèyàn ń fi ẹrù oníṣòwò ra ọjà lọ́wọ́ oníṣòwò ni? Fowó lé e!'

"Bó ṣe ń ronú, mo wo ojú àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo dá ojú yẹn mọ̀. Ojú tí mo fi ń wo Ògúnṣínà ni! Mo sún mọ́ ọn, mo ní, 'Kábíyèsí, ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n yín ti fẹ́ rà á. Ó ní ẹ̀yin ò lágbára ẹ̀, pé omi tiyín ò ju èyí tí òun ń fi ṣan ẹsẹ̀ lọ.' Mo padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, mo ní, 'Àbúrò yín ní òun á gùn ún yí adágún yín po lójú àwọn ìyàwó yín.'

"Wọn ò bi mí léèrè ẹlẹ́rìí. Òjòwú kì í wá ẹlẹ́rìí. Òkúta ń fò, omi ń dìde, Etí-bí-Ẹní ká etí rẹ̀ ó sá lọ. Èmi ti wà lórí kẹ̀kẹ́! Òkúta ìjà wọn ló ká rímù ẹ̀yìn, àwọn eléyín wẹ́wẹ́ ló dì mọ́ ìjókòó. Mo wà á, mo tì í, mo gbé e kọ́ èjìká, mo gun òkè yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kò dà bí ti ẹtu yìí, títí mo fi jáde ní oríta.

"Ògúnṣínà ló wà níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ewé tí mo tẹ̀. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí ewé ni?'

"Mo ní, 'Mo rí i.'

"Ó wo ìjókòó kẹ̀kẹ́ títí. Ó já ewé tútù mìíràn, ó fi lé orí èyí tó rọ. Kò tiẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Èyí ló dùn mí jù.

"Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: bí ẹ bá rí ewé tútù lójú ọ̀nà, ẹ má béèrè ẹni tó já a. Ẹ yà! Ṣùgbọ́n ẹ gbà pé èmi nìkan ló wa kẹ̀kẹ́ láàárín adágún méjì tó sì wá sílé wá rojọ́. Lámídì, ẹni tó ti bọ́ lọ́wọ́ iwin, ṣé ọwọ́ rẹ ló máa wá kú sí? Gba ìdajì."

Lámídì ní, "Bàbá, iwin ò háyà kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ háyà á."

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Àárín ẹ̀rín yẹn ni Ògúnṣínà ti jáde, pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Lámídì, fi bàbá sílẹ̀ jàre. Èmi á san gbogbo ẹ̀." Ó ti ọwọ́ bàpò.

Àwọn obìnrin pariwo, "Ògúnṣínà, o ṣeun! Ọmọ tó gbẹ̀kọ́!" Mo rí i tí Àríyìíké la ẹnu, ó ní, "Ẹ ò rí ọwọ́ Ògú..."

N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ti tú àpò ọdẹ mi, mo ti yọ owó tó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, kò dín kọ́bọ̀.

"Ògúnṣínà, mú ọwọ́ rẹ kúrò lápò!" mo ní. "Lámídì, gbà! Gba gbogbo ẹ̀! Kà á sókè, kí ìyàwó mi gbọ́ owó ẹni tó jẹ́!"

Lámídì tú ẹ̀wù mi sílẹ̀, ó gba owó.