Ẹsẹ̀ Kan Tó Kù ní Igbó Agbóhùn

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ẹ̀yin ará, bí ó bá jẹ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ, ǹ bá ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ló rí i, ọwọ́ mi ló ṣe é, ìyàlẹ́nu rẹ̀ kò sì tíì kúrò lára mi títí di òní. Sílà Ọdẹ́túndé ni orúkọ mi, ọmọ ìlú Òkè-Àfọ̀n. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá tó bí i. Èmi àti Títù àbúrò mi ni ìyá wa Lọ́ìsì bí. Títù wọ Igbó Agbóhùn lọ́jọ́ kan, ẹbọra kan tí à ń pè ní Gbẹ̀mígbẹ̀mí sì pa á síbẹ̀. Ìyá mi sunkún títí omijé fi gbẹ lójú rẹ̀. Oúnjẹ di iyanrìn lẹ́nu mi. Bàbá Náftálì, olùkọ́ ìjọ wa, ló tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń sùn tì mí, tó ń fi oúnjẹ sí mi lẹ́nu bí ẹyẹ tí ń bọ́ ọmọ rẹ̀, títí mo fi lè dìde.

Nígbà tó yá, ẹ̀rùn dé, Bàbá Náftálì sì di àwátì. Obìnrin kan tó lọ ṣẹ́gi ní òun rí i tó ń wọ Igbó Agbóhùn lọ ní òwúrọ̀, tòun ti Bíbélì àti àwo fífẹ̀ kan. Ìjọ gbààwẹ̀, wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin títí ohùn wọn fi há. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tí yóò wá a lọ, gbogbo wa wolẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo ní èmi yóò lọ. Mo ki ìbọn mi, mo sì sọ fún ọta inú rẹ̀ pé ti Gbẹ̀mígbẹ̀mí ni.

Igbó náà ṣú bí inú ìkòkò. Igi ibẹ̀ ga débi pé àwọsánmà ń já ewé wọn lọ. Ìtàkùn ibẹ̀ nípọn bí itan ẹfọ̀n. Mo ti ń retí igbe àti ariwo, àfi bí mo ṣe gbọ́ orin ìyìn. Orin náà dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi kọ̀, tí kò lè gbé. Mo yọjú láàárín ewé, mo sì rí ohun tó mú irun orí mi dìde: àwọn ẹbọra tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n wọ aṣọ funfun, ẹni olójú kan, ẹni ẹlẹ́nu méjì, ẹni tí ìwo rẹ̀ dà bí ẹ̀ka ìrókò, gbogbo wọn kúnlẹ̀, wọ́n ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ láìṣì ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ka Sáàmù lórí. Wọ́n ṣe Àmín, igbó mì tìtì.

Bí Àmín yẹn ti kúrò lẹ́nu wọn tán, wọ́n yí padà sí arúgbó iwin kan tó yarọ, wọ́n já ẹran tó ń jẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tì í ṣubú sínú ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n tu itọ́ funfun síta.

Olórí wọn, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ gùn débi àyà, tí wọ́n ń pè ní Olórí-Ahọ́n, ti rí mi. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Ọmọ ènìyàn, ó ti pẹ́ tí àwa ti gbàgbọ́ pé Ọlọ́run kan ni ń bẹ, ara wa sì ń gbọ̀n nítorí rẹ̀. Fi ohun kan hàn wá tí ẹ̀yin ọmọ ìjọ ń ṣe tí àwa kò lè ṣe. Bí o bá rí i, ọ̀nà ṣí fún ọ. Bí o kò bá rí i, ìwọ yóò máa lé orin fún wa níhìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ yóò fi di gbòǹgbò.”

Mo kọrin; wọ́n bá mi gbè é, ohùn wọn sì bo tèmi mọ́lẹ̀. Mo sọ ti ààwẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ sí iwin kan tí kò fẹnu kan oúnjẹ láti ìgbà tí odò ibẹ̀ ti gbẹ. Mo sọ ti ọrẹ àti ìdámẹ́wàá. Wọ́n fi òkìtì iṣu àti ẹran hàn mí níwájú pẹpẹ wọn. Ní òtítọ́, mo wá inú ara mi, n kò rí ohun mìíràn. Mo bẹ Olórí-Ahọ́n pé kí n kọ́kọ́ rí olùkọ́ mi.

Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn àpáta kan. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi, bí ti ẹran tó ti kẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí Bàbá Náftálì lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹbọra ńlá kan ló gbé lé itan, tó ń fi aṣọ nu ọgbẹ́ ibẹ̀. Mo wo ojú ẹbọra náà, ojú tí àwọn ọdẹ ti júwe fún mi. Gbẹ̀mígbẹ̀mí ni.

N kò mọ ìgbà tí ìbọn dé èjìká mi. Olùkọ́ sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kò sí ẹni tó jí òun gbé. Ó ní òun gbọ́ pé egbò ti jẹ ẹsẹ̀ Gbẹ̀mígbẹ̀mí, pé àwọn ará rẹ̀ ti sá fún òórùn rẹ̀, òun sì wá.

“Àbúrò mi ló pa, Bàbá.”

“Mo mọ̀, Sílà. Èmi náà ni mo sin ín.”

Gbẹ̀mígbẹ̀mí là ojú. Ó ní, “O jọ ọ́. Yìnbọn bí o bá fẹ́. N kò ní bẹ̀ ọ́.”

Olùkọ́ kò wàásù. Ó rọra ti àwo omi náà sọ́dọ̀ mi. “Ẹsẹ̀ kan ni mo wẹ̀,” ó ní. “Mo fi èkejì sílẹ̀. N kò mọ ẹni tí yóò wá, ṣùgbọ́n mo ń gbàdúrà pé kó jẹ́ ìwọ.”

Ẹ̀yin ará, ó yà mí lẹ́nu. Inú bí mi sí olùkọ́ ju bí ó ti bí mi sí apànìyàn náà lọ. Mo dúró síbẹ̀, ìbọn sì wà ní èjìká mi. Mo rántí pé Olúwa wẹ ẹsẹ̀ Júdásì pẹ̀lú ti àwọn yòókù, ó sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, kò dùn mí rí. Lọ́jọ́ yẹn ó dùn mí bí ọfà. Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ìfẹ́ kún inú mi. Omijé ń kán sínú omi, mo sì ń pe orúkọ Títù bí mo ti ń fọ ìdin kúrò nínú ẹsẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo wẹ̀ ẹ́ tán, mo sì dì í.

Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo ẹbọra ti yí wa ká. Olórí-Ahọ́n gbìyànjú láti na ọwọ́ sí arúgbó tí wọ́n tì ṣubú, tó ti wọ́ tẹ̀lé wọn wá; ọwọ́ náà gan lójú òfuurufú, kò lè dé ibẹ̀. Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀. Ó ní, “Orin yìí kò sí nínú èyí tí a mọ̀.” Wọ́n sì yà fún wa sọ́tùn-ún sósì.

Ìlú yọ̀ nígbà tí wọ́n rí wa. Ìyá mi kò yọ̀ ní tirẹ̀. Ó béèrè bóyá mo pa Gbẹ̀mígbẹ̀mí. Mo sọ fún un ohun tí mo ṣe. Ó wò mí bí ẹni wo àlejò, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Ní òwúrọ̀ kan ó jáde wá bá mi, ó gbé ìgò àdín kékeré kan lé mi lọ́wọ́, kò wo ojú mi. Ó ní, “Ṣé ọgbẹ́ rẹ̀ ti ń jinná? Bá mi fi èyí pa á.”

Mo rí ẹbọra, ẹnu kò yà mí tó báyìí. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún yín: ẹ kọrin, ẹ gbààwẹ̀, ẹ mú ọrẹ wá, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣe Àmín ìkẹyìn tí ẹ sì jáde, ẹ má tíì lọ sílé. Ẹ kọ́kọ́ gba ẹnu ọ̀nà ẹni tí ẹ kò fẹ́ rí kọjá, kí ẹ sì kan ilẹ̀kùn.