Bọ́ọ̀lù Tó Gba Ohùn Lẹ́nu Pẹ́pẹ́yẹ

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ẹyẹ tí ohùn rẹ̀ dùn tó ti Pẹ́pẹ́yẹ. Bí ó bá pe èèyàn ní òkè odò, wọn á gbọ́ ọ ketekete ní ìsàlẹ̀. Akàn náà kì í fi ẹ̀gbẹ́ rìn nígbà yẹn. Iwájú gan-an ló máa ń sáré sí, bí ọfà.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Odò gbẹ, ó ku ibú kan ṣoṣo lábẹ́ igi ọdán. Àwọn ará ilẹ̀ ní àwọn ló ni ín. Àwọn ará odò ní irọ́ ni. Lékèélékèé, tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù parí ìjà. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ gbá góòlù mẹ́ta wọlé ni yóò máa mu omi ṣáájú títí òjò yóò fi rọ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ ni olórí àwọn ará odò. Ọmọ mẹ́jọ ni òùngbẹ ń gbẹ nílé rẹ̀. Ó fi Akàn ṣe aṣọ́lé, nítorí ọwọ́ Akàn le.

"Àbúrò mi, iṣẹ́ rẹ kò ju ẹyọ kan lọ," ló wí. "Má ṣe kúrò lẹ́nu ilé."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Lékèélékèé fọn fèrè. Kí bọ́ọ̀lù tó yí lẹ́ẹ̀mejì, Akàn ti sáré dé àárín pápá!

"Akàn! Padà sẹ́nu ilé!"

Ó ti bọ́. Òbúkọ, olórí àwọn ará ilẹ̀, ti gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé òfìfo.

"Kí lo lọ ṣe níbẹ̀?" Pẹ́pẹ́yẹ bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù yẹn ló ń wò mí."

"Bọ́ọ̀lù lójú ni?"

"Ẹ má bínú. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun fẹ́ ran Ọ̀pọ̀lọ́, tó ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú fún wọn, lọ́wọ́. Ó kọlu Ọ̀pọ̀lọ́, àwọn méjèèjì ṣubú yakata, góòlù kejì sì wọlé.

"Ta ló fi ọ́ ṣe mí?" Pẹ́pẹ́yẹ fi ìyẹ́ gbá ara rẹ̀ pá-pá-pá. "Ẹnu ilé ni mo wí! Ẹnu ilé! Ẹnu ilé! Ẹnu... háà... háà..."

Ohùn ti há. Ó wú ikọ́, ó gbé itọ́ mì, háà náà ló ń jáde.

Ó ku góòlù kan péré kí wọ́n pàdánù omi. Kí ni yóò ṣe? Ó wọ́ Akàn lọ́wọ́ dé ẹnu ilé. Ó dúró níwájú rẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn lọ sí òpó ọ̀tún, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn padà sí òpó òsì.

"Áà! Ṣé kí n máa lọ láti òpó dé òpó ni?" Akàn rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀!"

Pẹ́pẹ́yẹ di ojú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kankan kò wọlé mọ́. Òbúkọ gbá a sí ọ̀tún, Akàn wà níbẹ̀. Ó gbá a sí òsì, Akàn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ gbá méjì wọlé ní ọ̀hún, Pẹ́pẹ́yẹ sì fi orí kan ẹ̀kẹta wọlé.

Àwọn ará odò mu omi yó. Ọmọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bẹ́ sínú ibú, wọ́n ń ta omi síra wọn.

Pẹ́pẹ́yẹ bojú wẹ̀yìn. Akàn ṣì wà lẹ́nu ilé, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ó sáré lọ bá a. Ó fẹ́ sọ pé eré ti parí, kí ó máa rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀.

"Háà! Háà-háà!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀!" Akàn dáhùn. "Mo ń yára sí i!"

Láti ọjọ́ náà ni Akàn ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tí ohùn Pẹ́pẹ́yẹ sì há. Bí ẹ bá rí i tó ń ṣe háà-háà kiri àgbàlá, ẹ má sá. Kì í ṣe ẹ̀yin ló ń bá wí.