Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Lọ Bu Iná

Ààlọ́ mi rèé o, ẹ̀yin ọmọ!
Ààlọ̀, a ti tẹ́tí!

Ó dá lórí Ọ̀kẹ́rẹ́. Òjò pa ìyá rẹ̀, òtútù fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá lọ bu ẹ̀yinná sínú àpáàdì lọ́dọ̀ Ẹtu. Ẹtu ní, "Àbúrò, ẹni tó bu iná kì í yà o."

Ó rí ẹyìn pupa lọ́nà, ó dúró jẹ ẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ Ọ̀bọ nídìí ayò.

"Wá ta ọwọ́ kan, àbí ẹ̀rù ń bà ọ́, ojo?"

"Èmi kẹ̀? Iná mi ṣì pọ́n."

Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni Àparò kí i: "Arẹwà onírù gbọọrọ, jó ká wò!" Ó tún jó. Iná wá ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀kẹ́rẹ́, mo ń kú lọ,
Tere-nà.
Ìyá ń gbọ̀n nílé,
Tere-nà.

Eérú ló gbé délé. Ìyá ti dákẹ́.

"Màmá, mi ò jalè. Mo kàn dúró díẹ̀ ni."

Ta ni yóò dá a lóhùn?

Ẹ̀yin ọmọ, Jésù ti fi iná ìhìn rere rẹ̀ sí wa lọ́wọ́. Ẹ má dúró wòran o. Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí nìyẹn.