Íńtánẹ́ẹ̀tì Tí A Dán Wò Nínú Ilé Òfìfo

Oyèníran, mo ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ. O ní àbúrò rẹ obìnrin kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé rẹ láìdágbére, o sì fẹ́ kí n pè é kó wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́. Èmi ni mo dàgbà jù nínú ìdílé, ó sì tọ́ kí o gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n kí n tó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́. Fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná.

Ọkùnrin kan wà tó ṣe tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá kó tó rí ọ̀nà wọ yunifásítì. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé, ọmọ tí ì bá ti kọ́ ní A-B-D ni wọ́n. Yàrá tí wọ́n fún un ní họ́sítẹ́lì wà ní àjà kẹta, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n sì jọ ń gbé ibẹ̀. Tíṣà náà ni wọ́n ń pè é. Kì í bá wọn ṣeré púpọ̀, wọn kò sì bínú sí i, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń lé e.

Ọjọ́ orí ló ń lé e. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n máa ń fún ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún, wọn kì í gbà á. Nígbà tí Tíṣà fi máa wọ ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti pé mọ́kàndínlógójì. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì fèsì pé kó múra sílẹ̀, àwọn yóò bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dá ọjọ́ fún un, aago méjì ọ̀sán. Wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tí kò bá yọjú, àwọn kò ní dá ọjọ́ mìíràn fún un.

Nítorí náà ni yàrá wọn ṣe pinnu láti ra íńtánẹ́ẹ̀tì tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní kí Tíṣà yan èyí tó bá wù ú, nítorí òun ni nǹkan rẹ̀ wà níbẹ̀.

Má rò pé òmùgọ̀ ni ọkùnrin yìí. Ó ṣe é bí ẹni tó mọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé ìwé tó wọlé ló ti padà dé, nígbà tí kò sí ariwo, tí gbogbo họ́sítẹ́lì pa lọ́lọ́, kó lè yẹ nǹkan wò dáadáa. Ilé iṣẹ́ méjì ló wà nílẹ̀. Ti àkọ́kọ́, wáyà ni wọ́n máa ń fà wọ inú yàrá. Ẹni tó ń ṣojú wọn kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ rárá. Ó ní tàwọn kò yára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí kò bá sí nínú yàrá wọn kò ní bá wọn pín in. Ó ní àwọn kò sì ní lè wá fà á àfi tí ilé ìwé bá wọlé.

Ilé iṣẹ́ kejì ti ri òpó tirẹ̀ mọ́ orí òrùlé, afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé e dé gbogbo yàrá. Ọmọkùnrin kan ń tà á lábẹ́ agbòòrùn ńlá lẹ́nu géètì. Ó gbé àpótí kékeré kan fún Tíṣà pé kó lọ fi ọjọ́ mẹ́ta dán an wò. Tíṣà dán an wò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó dán an wò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó gbé kọ̀ǹpútà dé ojú fèrèsé, ó gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Níbi gbogbo, ńṣe ló ń sáré. Odindi fíìmù kan wọlé kó tó bó ọsàn kan tán.

Ọmọkùnrin náà sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe rí i yìí ló ṣe wà. Ṣùgbọ́n ẹ tètè mú tọdún yìí o. Tí àwọn tó kù bá ti dé, a ò ní tà á ní iye yìí mọ́.”

Bàbá àgbàlagbà kan ni pọ́tà họ́sítẹ́lì náà, ó ti pẹ́ lórí àga tó wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn yẹn. Ó rí Tíṣà tó gbé àpótí náà dání, ó bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Tíṣà sọ fún un.

Bàbá ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí ilé kún ná kí ẹ tó yàn.”

“Kí ló dé, Bàbá?”

“Omi tí ẹ fi wẹ̀ láàárọ̀, ṣé òkè lọ́hùn-ún ló ti dà?”

“Òkè ni. Ó ń dà ṣàà.”

“Tí wọ́n bá wọlé ńkọ́?”

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, omi lọ́tọ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀.”

Ọdún mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ti fi gbé korobá lọ sókè sódò lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ó mọ̀, bí gbogbo ará àjà kẹta ṣe mọ̀, pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti wọlé, ẹ̀rọ omi òkè á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á sì dákẹ́. Omi náà ṣì wà lára rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ojú fóònù Bàbá ló ń wò, fóònù kékeré tí wọ́n fi rọ́bà dè kí bátìrì rẹ̀ má bàa já bọ́. Ó ń rò ó pé kí ni eléyìí mọ̀ nípa íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwé tó kà ló dí i létí. Ó mú ti odindi ọdún, ó sì tẹ ẹni tó ń ṣojú oníwáyà láago pé kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Ilé kún. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Lọ́sẹ̀ kejì, kì í dìde mọ́ àfi bí ó bá wù ú. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń kùn, Tíṣà sì ń sọ fún wọn pé yóò bọ́ sípò. Ó yọ́ lọ sọ́dọ̀ oníwáyà, wọ́n sọ fún un pé orúkọ ti kún, ó di sáà tó ń bọ̀.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta yẹn gbá yàrá, wọ́n ta aṣọ funfun bo ògiri kí àwọn àgbààgbà òyìnbó má bàa rí ìkòkò àti bàtà. Tíṣà wọ kóòtù, ó de táì. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ ló ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ohun tí kò kà sí ni pé ọjọ́ yẹn ni ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn iṣẹ́ ẹ̀kọ́ máa kásẹ̀ nílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nínú họ́sítẹ́lì náà.

Aago méjì lù, ojú òyìnbó mẹ́ta yọ nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n kí i. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé kí ló fà á tó fi pẹ́ kó tó wọ yunifásítì. Ìbéèrè yẹn gan-an ni Tíṣà ti ń múra ìdáhùn rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣe tíṣà. Ó la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti bàbá rẹ̀ tó kú, ó sọ ti àwọn àbúrò tó tọ́ dàgbà, ó sọ ti àwọn ọmọ tó kọ́ lábẹ́ igi máńgòrò. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ tán ló ṣàkíyèsí pé ẹnu ẹni tó bi í ṣì là sílẹ̀ bákan náà. Ohun róbótó kan ń yí po láàárín ojú kọ̀ǹpútà. Ohun róbótó yẹn ló sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún.

Àwòrán padà. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ń béèrè bóyá ó wà níbẹ̀. Ó ní, “Mo wà níbí, sà.” Nǹkan tún yí po. Àwọn ọ̀dọ́ náà sáré gbé fóònù tiwọn fún un, ṣùgbọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì orí òrùlé yẹn náà ni gbogbo wọn ń lò. Ó gbé kọ̀ǹpútà sókè, ó sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn tòun ti kóòtù, àwọn tó ń gòkè ń yà fún un. Bàbá pọ́tà dìde kúrò lórí àga rẹ̀ kó lè jókòó. Nígbà tí àwòrán fi máa ṣí, àwọn òyìnbó mẹ́ta náà ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò yọjú.

Ó gba ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin abẹ́ agbòòrùn lọ. Ọmọ náà fetí sílẹ̀, ó sì bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ dán an wò kí ẹ tó mú un?”

“Mo dán an wò.”

“Ìgbà wo ni?”

Tíṣà gbé ojú sókè wo òpó orí òrùlé.

Ọmọ náà ní, “A ò dín in kù o. Bó ṣe wà nígbà yẹn náà ló ṣe wà. Èèyàn ló pọ̀ lórí ẹ̀.”

Òótọ́ ni, Oyèníran. Ìyẹn ló sì ń bí mi nínú jù. Nǹkan náà kò purọ́. Ńṣe ló ṣe ìlérí kan náà fún gbogbo yàrá, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá.

Mo rí i tí o ń mi orí nítorí Tíṣà. O rò pé torí kí o lè mọ ènìyàn yàn ni mo ṣe ń sọ ọ́. Rárá. Mopélọ́lá, àbúrò rẹ, ni Tíṣà. Ìwọ ni wọ́n dán wò.

Kí o tó gbéyàwó, nígbà tí o dá gbé yàrá mẹ́ta, ọmọ yẹn wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ. O ń gbọ́únjẹ fún un, o tẹ́ ibùsùn fún un, o ní ọjọ́kọ́jọ́ tí ilé ọkọ bá le, kó má kan ilẹ̀kùn, kó ṣí i wọlé. Mo wà níbẹ̀. O sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́. O tún sọ ọ́ fún àna rẹ, o sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ, o sọ ọ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, gbogbo wọn ló sì gbà ọ́ gbọ́. Nígbà tí ilé ọkọ le lóòótọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà ní ìlú kejì sọ fún un pé yàrá kan ṣoṣo wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù òun, kó wá máa gbé e. Mopélọ́lá dúpẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n òun wà. Wọ́n fi yàrá náà fún ẹlòmíràn.

Ó gbé ọmọ pọ̀n wá bá ọ. Ilé rẹ ti kún fún àwọn tí o ti ṣèlérí fún. Ká ní o sọ pé rárá ni, yóò dùn ún, yóò sì gba ibòmíràn lọ. O kò sọ pé rárá. O ní kó ṣe sùúrù. O ní o ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì o ní o ń bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, bí o ti ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, o tún ní o ń bọ̀. Mo ń fojú inú wò ó bí o ṣe ń yí po lójú ọmọbìnrin yẹn, bí ohun róbótó ojú kọ̀ǹpútà.

Èmi kò ní pè é wá kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò mọ ibi tó wà lónìí, ìwọ náà kò sì mọ̀ ọ́n. Wá a lọ. Kí o tó lọ, kó àwọn tó wà nílé rẹ jọ, kí o sọ ibi tí agbára rẹ mọ fún wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ wá ibòmíràn lè tètè bẹ̀rẹ̀.

O sì sọ fún gbogbo ẹbí pé kò yọjú láti dágbére fún ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó ní pálọ̀ rẹ, ó ti múra, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.