Àwòko Tí Kò Dúró De Ègbè

Ẹ súnmọ́ mi, òṣùpá ti mọ́lẹ̀. Àlọ́ mi dé o!
Ó dé bá wa láyọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àwòko, ẹyẹ olórin tíátà.

Bó bá dá orin lórí ìtàgé pé, "Mo dé o, ará ilé," gbogbo ẹranko á gbè é: "Káàbọ̀, ọmọ wa!" Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó gbọ́ pé Ọ̀bọ ń ya fíìmù, ó fò lọ bá a. Ó dá orin, ó dúró de ègbè.

Ọ̀bọ pariwo: "Àǹtí, ta lẹ ń dúró dè? Ẹ máa kọ ọ́ lọ!"

Báyìí ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá kọrin.

Nígbà tó padà sórí ìtàgé, èrò kún fọ́fọ́. Ó dá orin. Kí wọ́n tó lanu, ó ti bọ́ sí ẹsẹ̀ kejì. Wọ́n tún lanu, ó tún ti kọjá. Nígbà kẹta, wọ́n panu mọ́.

Ìgalà dìde: "Ara rẹ̀ ló ń kọrin fún. Ẹ jẹ́ ká máa relé."

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká dá orin ká má rí ẹni gbè é. Àwòko dá orin lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́, ó ń wò wọ́n:

Mo dé o, ará ilé…

Ìgalà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jáde, kò sì gbè.

Ẹ̀yin ọmọ, èmi lẹ tún ń wò? Ẹ gbè é o!

Káàbọ̀, ọmọ wa!