Ìkòkò Tí Àwẹ̀ró Gbé Wá Sílé Ọkọ

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ ò tíì jẹun alẹ́ ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àlọ́ tèmi kò gba ọ̀nà oko, kò gba ọ̀nà odò. Ẹnu ihò Òkété ló gbà wọlé, ó sì bá ọkọ àti ìyàwó níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín ẹrù.

Ní ìgbà kan rí, Òkété kì í dá gbé. Ó ní ìyàwó. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, òkété bíi tirẹ̀ ni, ọmọ amọ̀kòkò láti ìsàlẹ̀ odò. Iṣẹ́ epo ni àwọn méjèèjì jọ ń ṣe. Ọkọ á gun ọ̀pẹ, á bẹ́ ẹyìn lulẹ̀. Ìyàwó á sè é, á gún un, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á fún epo rẹ̀ jáde. Bí iṣẹ́ bá parí, epo di ti ọkọ. Ẹkùrọ́ tó kù nílẹ̀ di ti ìyàwó. Gbogbo ilé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, wọn kì í jà sí i. Ẹkùrọ́ yìí ni obìnrin fi ń ra ohun tó bá wù ú. Òun náà ni yóò fi dìde bí ilé ọkọ bá dàrú.

Àmọ́ Òkété ní ìwà kan. Ṣé ẹ ti wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkété dáadáa rí? Àpò ni! Ohun tó bá rí lóko, ibẹ̀ ló ń kó o sí, kó má baà pín in fún ẹnikẹ́ni. Á wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú.

"Olówó orí mi, kí ló tún ṣe yín lẹ́rẹ̀kẹ́?"

Òkété á fi ọwọ́ di ẹnu mú. "Eyín ni o! Eyín ń dùn mí!"

Àánú rẹ̀ á ṣe Àwẹ̀ró. Á fa òkúta méjì jáde, á jókòó, á máa fi wọ́n pa ẹkùrọ́ tirẹ̀, á máa yọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, kó má baà fi eyín rẹ̀ fọ́ ohun líle. Òkété á jẹ ìyẹn tán, á tún yà sí kọ̀rọ̀ lọ jẹ ti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọdún gbọọrọ.

Nígbà tó yá, ìyá Àwẹ̀ró kú. Àwẹ̀ró wá kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. Ó ní kó yọ̀ǹda epo díẹ̀, kí àwọn lè fi se oúnjẹ fún àwọn tó ń bọ̀ wá kí àwọn kú ọ̀fọ̀.

Òkété ní, "Epo mi ni. Ìyá mi kọ́ ló kú."

Áà! Àwẹ̀ró kò pariwo. Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Bí mo bá sin ìyá mi tán, ẹ jẹ́ ká pín ẹrù wa, kí n máa lọ." Ó gba ọ̀dọ̀ Ẹfọ̀n lọ, òun ni baálẹ̀ ìlú àwọn ẹranko. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un, ó sì lọ síbi òkú ìyá rẹ̀.

Ó wá ku Òkété nìkan nílé. Ó wo òkìtì ẹkùrọ́ tó wà ní yàrá ìyàwó rẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. "Gbogbo èyí ni yóò kó lọ? Ẹyìn tí èmi gun ọ̀pẹ bẹ́! Èmi tí ẹ̀gún ọ̀pẹ gún!" Bó ti ń wò ó tó, bẹ́ẹ̀ ló dà bíi pé wọ́n fẹ́ ja òun lólè.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Epo ti dì nínú àwọn ìkòkò ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òkété dá iná, ó yọ́ epo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹkùrọ́ sínú rẹ̀. Epo ń ru sókè, ó fẹ́ ṣàn dànù. Ṣé Òkété á jẹ́ kí epo dànù? Ó lá a. Ó da ẹkùrọ́ sí i, ó tún lá a. Ó lá epo títí inú rẹ̀ fi ń pariwo, ìgbẹ́ gbuuru kò sì jẹ́ kó jókòó lọ́jọ́ náà. Nígbà tí epo tún dì, ojú rẹ̀ ń dán, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé ohun kan wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí Àwẹ̀ró sin ìyá rẹ̀ tán, tó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pín ẹrù, gbogbo ẹranko péjọ síwájú ilé Òkété. Ẹfọ̀n ní, "Báwo lẹ ṣe fẹ́ pín in?"

Òkété ló kọ́kọ́ dìde. "Baba, mi ò fẹ́ ìjà. Ohun tí oníkálukú bá mú wá ni kó mú lọ. Èmi ni mo gbẹ́ ilé. Bàbá mi ló ni oko. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọkọ ló ni epo. Kí obìnrin yìí kó ẹkùrọ́ rẹ̀, kó máa lọ ní àlàáfíà."

Àwọn ẹranko mi orí. Wọ́n ní ọmọlúàbí ni.

Àwẹ̀ró wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo. "Baba, kò sí ẹkùrọ́ kankan níbẹ̀."

Òkété ké tòò. "Yéè! Ọ̀kẹ́rẹ́ ti kó o lọ!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè láàárín èrò. "Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń jẹ ẹyìn tútù lórí ọ̀pẹ, kí ni mo fẹ́ fi ẹkùrọ́ gbígbẹ ṣe nínú ihò ẹ?"

Ẹfọ̀n fi ìwo nà sí àwọn ìkòkò tí wọ́n ti kó síta. "Òkété, kí ló wà nínú ìwọ̀nyí?"

"Epo ni, Baba! Epo nìkan. Bí ẹ bá rí ohun mìíràn níbẹ̀ tí kì í ṣe epo, kì í ṣe tèmi."

"Gbogbo wa gbọ́ o."

"Kí wọ́n gbọ́ dáadáa!"

Àwẹ̀ró gbọ́wọ́ lé ìkòkò kan. Ó wá ní, "Baba, bí ẹkùrọ́ bá ti lọ, ó ti lọ náà nìyẹn. Mi ò ní fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Àmọ́ àwọn ìkòkò yìí, ìyá mi ló mọ wọ́n. Èmi àtàwọn àbúrò mi la fi orí rù wọ́n wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi da epo rẹ̀ sínú tirẹ̀, kí n lè gbé iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi lọ."

Òkété bojú wò wọ́n. Ìkòkò! Ojoojúmọ́ ló ń wò wọ́n, àmọ́ epo nìkan ni ojú rẹ̀ ń rí. Kò fi ìgbà kan rántí pé ẹnì kan ló ni wọ́n.

Ó ní, "Ṣé nítorí ìkòkò lásán ni? Màá gbé e wá bá ọ nílé yín tó bá di ọ̀tunla."

Ẹfọ̀n ní, "Rárá o. Ìwọ lo sọ pé ohun tí oníkálukú bá mú wá ni kó mú lọ. Lọ gbé ìkòkò tìrẹ wá."

Òkété sáré wọlé. Ó wá òkè, ó wá ilẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ìyàwó, kò ra àwo kan rí. Ó sáré lọ bá Ọ̀yà, aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀yà ní akèrègbè òun ń jò. Nígbà tí kò rí ti ẹnikẹ́ni yá, ó já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi iná yọ́ epo, wọ́n sì gbá ìkòkò mú láti dà á. Àwẹ̀ró fi orin sí i, ẹ bá mi gbè é o:

Ìkòkò ìyá mi o,
*Dà á, ká wò ó.*
Ọkọ mi ní epo nìkan ni,
*Dà á, ká wò ó.*
Ẹ rọra mú un, kó má fọ́ o,
*Dà á, ká wò ó.*

Epo ṣàn jáde. Lẹ́yìn epo, gbàrà-gbàrà-gbàrà! Ẹkùrọ́!

Ọ̀kẹ́rẹ́ pariwo. "Ẹ wá wo ẹkùrọ́ tí mo jí kó!" Ìlú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ẹfọ̀n kò rẹ́rìn-ín. "Ohun tí kì í ṣe epo, Òkété, ta lo sọ pé kò ni ín?"

Òkété wolẹ̀. Wọ́n ṣa ẹkùrọ́ fún Àwẹ̀ró títí tó fi tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú epo ti gba ẹ̀gbẹ́ ewé ṣàn wọ ilẹ̀ lọ. Díẹ̀ tó kù ń dì lọ pẹ̀lú iyanrìn.

Àwẹ̀ró di ẹrù rẹ̀ tán. Ó wá mú igbá kékeré kan jáde láti inú àpò rẹ̀, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Gbogbo wọn yọjú wò ó. Ẹkùrọ́ tí wọ́n ti pa ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n ti ṣa èèpo kúrò.

Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ òkú ìyá mi ni mo ti pa á. Ẹkùrọ́ tí àwọn ará ilé wa fún mi ni. Mo ń rò ó pé bí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá yín pa á, pẹ̀lú eyín yín tó ń dùn yín yẹn? Ká ní ẹ béèrè ni, ǹ bá fún yín nínú ti ilé yìí náà."

Òkété la ẹnu. Ó fẹ́ sọ fún un pé eyín kan kò dun òun rí. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Àwẹ̀ró ti gbé ìkòkò ìyá rẹ̀ rù, ó ti ń lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Òkété mú ẹyọ kan nínú igbá náà, ó fi í sẹ́nu. Kò lè gbé e mì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Títí di òní, ẹ lọ gbẹ́ ihò òkété wò. Òun nìkan lẹ máa bá níbẹ̀, ẹkùrọ́ á kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tòun ti èèpo, láìsí ẹni tí yóò bá a pa á.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ilé bá fẹ́ tú, kí oníkálukú mú tirẹ̀, kó sì fi ti ẹnìkejì sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ kì í mọ èyí tí wọ́n ti tọ́jú sílẹ̀ dè é.

Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án wò. Ṣé ó wú?