Gbẹ́nàgbẹ́nà Tó Gúnlẹ̀

Ọkùnrin kan wà láyé ọkọ̀ onígbòkun, gbẹ́nàgbẹ́nà ni nínú ọkọ̀ ojú omi kan. Ìjì gbé ọkọ̀ náà kọlu àpáta létí erékùṣù kan tí ẹnikẹ́ni kì í yà sí, ó sì fọ́. Àwọn méjìlá, òun náà wà lára wọn, ló lúwẹ̀ẹ́ dé etíkun. Ẹyin ẹyẹ òkun ni wọ́n ń jẹ, omi òjò inú ihò àpáta ni wọ́n ń mu. Ìkùukùu a máa bò wọ́n láàárọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó jókòó tì wọ́n a dà bí ẹni tí à ń rí lójú àlá.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ṣa pákó ọkọ̀ tó fọ́ jọ, ó fi kan ọkọ̀ kékeré. Ẹnì kan péré ló gbà. Wọ́n ní òun tó kàn án ni kó wà á lọ wá ìrànlọ́wọ́. Alásè ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, di ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà mú.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé wàá padà wá?"

"Bí mo bá gúnlẹ̀ láàárọ̀, n kò ní jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó ṣíkọ̀ padà."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò lójú omi. Nígbà tó gúnlẹ̀ sí abúlé àwọn apẹja kan, opó kan gbé e wọlé, ó fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná. Ibùsùn rọ̀. Oorun gbé e lọ bí omi ṣe ń gbé ewé. Ó ní òun yóò sọ̀rọ̀ lọ́la. Ọ̀la di ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú àwọn mọ́kànlá tó fi sílẹ̀ ní erékùṣù ń parẹ́ lọ lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó sì yá, ẹ̀rù bà á láti sọ ọ́, kí wọ́n má baà bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́.

Ní oṣù kẹta, opó náà bi í pé, "Ta ni alásè tí ò ń pè lójú oorun?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, ó jẹ́wọ́. Opó náà kò bá a wí. Ó ké sí àwọn apẹja, oòrùn kò tíì wọ̀ tí wọ́n fi ṣíkọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà sì bá wọn lọ.

Méje ni wọ́n bá láàyè. Alásè kò sí lára wọn. Àwọn méje náà dì mọ́ ọn.

"A mọ̀ pé òkun ló dá ọ dúró."

"Òkun kọ́," ni ó wí. "Ibùsùn ni."

Arákùnrin mi, ìwọ náà mọ àwọn tó ń retí rẹ. Má ṣe jẹ́ kí ìtìjú pé o ti pẹ́ mú ọ pẹ́ sí i. Ẹni tó kù láàyè kò ní bi ọ́ léèrè ìdí tí o fi pẹ́. Dìde, máa lọ.